Bí mo ṣe wá ìdí tí kọ̀ǹpútà tí mo tò fúnra mi kò fi tàn

Àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ilé ló ní kí n bá òun wá kọ̀ǹpútà tí yóò lè gbé iṣẹ́ òun. Mo sọ fún un pé dípò kí a ra èyí tí wọ́n ti tò sílẹ̀, n ó ra àwọn ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó sì tò ó fúnra mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàbó, ní Ìkòròdú. Mo wọkọ̀ lọ sí Òtìgbà ní Ìkejà, ibi tí púpọ̀ nínú wa ti ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀, mo sì ra bọ́ọ̀dù A520 kékeré kan, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́, processor Ryzen 5 5600G, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó ní ẹ̀yà àwòrán tirẹ̀ nínú, RAM DDR4 méjì, tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8 GB, SSD kan tí a ń kó iṣẹ́ pa mọ́ sí, àti power pack 500 wáàtì tó ń pín iná fún gbogbo wọn. Àpótí tí mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sí nìkan ni kì í ṣe tuntun: tòkunbọ̀ ni, ó fẹ̀, irin rẹ̀ sì ki ju ti àwọn tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ.

Ó di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí n tó parí títò rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Fáànù orí processor yí ìdajì, ó dúró. Iná pupa kékeré kan ṣẹ́jú lórí bọ́ọ̀dù, ó kú. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo tún bọ́tìnnì náà tẹ̀, kò mira rárá. Mo tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Àbúrò mi bi mí pé, “Bọ̀dá mi, ẹ ò rò pé ó ti bàjẹ́ báyìí?” Mo ní kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohùn mi kò dá mi lójú.

Ní Ìkòròdú, iná ni èèyàn kọ́kọ́ ń fura sí. Mo ki gílóòbù kan bọ ojú ihò iná kan náà, ó tàn rekete. Mo wo bọ́tìnnì ẹ̀yìn power pack, ó wà ní títàn. Àwọn power pack àtijọ́ kan tún ní bọ́tìnnì pupa kékeré tí a fi ń yan 115 tàbí 230. Tèmi kò ní in, ṣùgbọ́n kí ẹni tí tirẹ̀ bá ní in rí i dájú pé 230 ló wà kó tó ki í bọná, torí bó bá wà ní 115, iná tiwa níbí yóò jó o lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo yọ power pack kúrò lára bọ́ọ̀dù pátápátá, mo sì dán an wò lóun nìkan. Nínú okùn ńlá rẹ̀ tó ní ihò 24, wáyà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló wà, òun sì ni bọ́ọ̀dù fi ń pàṣẹ fún power pack pé kó jí. Mo na irin tín-ín-rín tí a fi ń há ìwé pọ̀, mo ki orí rẹ̀ kan bọ ihò wáyà aláwọ̀ ewé yìí, mo ki orí kejì bọ ihò wáyà dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná, nítorí kò yẹ kéèyàn máa ki irin bọ ibi tí iná ti wà tẹ́lẹ̀. Fáànù power pack bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kò sì dúró. Mo gbé mítà mi: wáyà aláwọ̀ ìyeyè fún mi ní fólítì 12.1, pupa fún mi ní 5.03, aláwọ̀ ọsàn fún mi ní 3.34. Ohun tí ATX, ìlànà tí irú power pack yìí ń tẹ̀lé, gbà ni pé kí wáyà fólítì 12 má ṣe wálẹ̀ ju 11.4 lọ, kó má sì kọjá 12.6, nítorí náà ara power pack mi le koko.

Nígbà náà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀lé títẹ̀ àkọ́kọ́ wá yé mi. Power pack tó dára máa ń ṣọ́ ara rẹ̀: bó bá rí i pé iná ń ṣọ́ọ̀tì níbì kan, yóò pa ara rẹ̀, kò sì ní dáhùn mọ́ títí a ó fi pa bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀, tí a ó dúró kí iná tó kù nínú rẹ̀ gbẹ, kí a tó tún un tàn. Mo ti ń pe ohun tó ń sá pa mọ́ ní òkú. Mo dá àwọn wáyà padà, mo pa á láti ẹ̀yìn, mo ka ọgbọ̀n, mo tàn án: fáànù tún yí ìdajì, ó dúró. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ló ń ṣe.

Mo yẹ okùn oníhò mẹ́jọ tó ń gbé iná fún processor wò, ó wọlé dáadáa. Mo fa wáyà bọ́tìnnì àpótí yọ, mo fi ẹnu screwdriver kan irin méjì tí bọ́tìnnì yẹn ń so pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, kò yàtọ̀. Mo yọ SSD, mo yọ RAM kan, kò yàtọ̀.

Ohun tó gba àkókò mi jù ni ìbẹ̀rù BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà. Ọdún 2020 ni bọ́ọ̀dù A520 jáde, ọdún 2021 ni 5600G tẹ̀lé e, nítorí náà bọ́ọ̀dù tó ti pẹ́ lórí àtẹ lè má mọ processor yìí rárá títí wọn yóò fi kó BIOS tuntun sí i. Mo ti ń múra láti gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, mo tilẹ̀ ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó bá a sọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rò ó síwá sẹ́yìn, kò bá ara mu: bọ́ọ̀dù tí kò mọ processor rẹ̀ yóò jẹ́ kí fáànù máa yí, ojú mọ́nítọ̀ ni yóò ṣókùnkùn. Èyí tó ń yí tí kò mú àwòrán wá, sára RAM, processor, BIOS tàbí wáyà mọ́nítọ̀ ni mo máa ń wá ọ̀ràn rẹ̀; èyí tó ń kú kó tó jí tán, tí a sì ti rí i pé power pack rẹ̀ dára, ibi tí iná ti ń kan ohun tí kò yẹ kó kàn ni kéèyàn wá.

Mo pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Mo kí wọn, mo rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀.

“Ṣé inú àpótí ló ṣì wà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Gbé e jáde, kó o gbé e lé páálí tó bá wá. Má tíì pe ẹnikẹ́ni pé nǹkan bàjẹ́.” Wọ́n pa fóònù.

Kí n má purọ́, inú mi kò dùn, nítorí mo ti di gbogbo wáyà rẹ̀ lọ́nà tó wu ojú. Mo tú u. Mo gbé bọ́ọ̀dù náà lé orí páálí rẹ̀, kì í ṣe orí ọ̀rá dídán tí wọ́n fi wé e wá, torí ẹ̀yìn ọ̀rá yẹn lè gbé iná. Processor, fáànù rẹ̀, RAM kan àti okùn iná méjì péré ni mo fi sílẹ̀. Mo fi screwdriver kan irin méjì náà. Fáànù yí, ó ń yí lọ, ó ń yí lọ. Mo dìde dúró.

Àwòrán kò tíì wá, ṣùgbọ́n iná kékeré tí wọ́n kọ DRAM (RAM náà ni) sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń tàn. Mo tẹjú mọ́ RAM: orí rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ díẹ̀, bóyá bí ìnípọn èékánná. Mo pa iná, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún “kọ́”, mo tún un tàn, ojú BIOS sì yọ lórí mọ́nítọ̀. Àbúrò mi pariwo.

Ó ku àpótí. Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo inú rẹ̀, mo sì ka àwọn òpó idẹ kékeré tí bọ́ọ̀dù ń jókòó lé: mẹ́sàn-án ni. Mo ka ihò síkúrù ara bọ́ọ̀dù: mẹ́fà. Ẹni tó ti lo àpótí náà rí ti dè wọ́n fún bọ́ọ̀dù ńlá. Méjì nínú mẹ́ta tó ṣẹ́kù bọ́ sẹ́yìn etí bọ́ọ̀dù, wọn kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọ̀kan yòókù wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí kò sí ihò. Mo yí bọ́ọ̀dù padà: ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tí wọ́n fi òjé lẹ̀ ti ní àpá dídán lórí, wọ́n tò yíká bí ẹnu òpó náà gẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé nígbà tí mo ń de bọ́ọ̀dù náà, ẹ̀gbẹ́ kan ga díẹ̀, mo sì fi síkúrù fà á wálẹ̀ tipátipá.

Mo fi ẹ̀mú yọ òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo to gbogbo rẹ̀ padà, mo sì tẹ bọ́tìnnì. Ó tàn. BIOS ka 16 GB, ó rí SSD, kò sí iná pupa kankan lórí bọ́ọ̀dù.

Mo tún pe ọ̀gá mi padà láti dúpẹ́.

“Òpó idẹ abẹ́ rẹ̀ ni, sà.”

“Àpótí tòkunbọ̀, àbí?”

Mi ò tíì sọ fún wọn pé tòkunbọ̀ ni.