Wọ́n Wọ́ Mọ́tò Yín Lọ ní London? Ẹ Kọ́kọ́ Mọ Ẹni Tó Wọ́ Ọ

Mo jáde, mi ò bá mọ́tò mi níbi tí mo gbé e sí. Ṣé olè ni?
Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ wá a lórí TRACE ná, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń wá ọkọ̀ tí wọ́n wọ́ lọ ní London. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pe ọlọ́pàá sórí 101.

Iwájú ilé ìtajà ni mo gbé e sí, onílẹ̀ sì fi irin de táyà rẹ̀.
Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2012, ọ̀ràn nìyẹn ní England àti Wales, àfi ẹni tí òfin fún láṣẹ. Onílẹ̀ lè fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ dè é, kò gbọ́dọ̀ wọ́ ọ. Ẹ pe ọlọ́pàá.

Káńsù ló wọ́ ọ. Ṣé kí n má sanwó títí wọ́n á fi gbọ́ tẹnu mi?
Ẹ jọ̀ọ́, rárá! Ojoojúmọ́ lowó ń gorí owó. Ẹ san án, ẹ gba mọ́tò yín, kí ẹ wá kọ̀wé ta kò wọ́n láàárín ọjọ́ 28. Bí ẹ bá jàre, wọ́n á dá owó padà.

DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ọkọ̀ àti laisẹ́ǹsì, ló dè é torí owó orí ọkọ̀ tí mi ò san.
£100 láàárín wákàtí 24. Bí wọ́n bá ti wọ́ ọ lọ, ó di £200 àti £21 lójúmọ́. Ẹni tí kò bá tíì san owó orí á fi £160 ṣe ìdógò. Ó ní ọjọ́ 15 láti san án kó sì gba ìdógò rẹ̀.

Ọlọ́pàá mú un torí àìní ìnṣọ́ránsì. Mo ra ti ọjọ́ kan lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ò gbà á.
Ẹjọ́ yìí kì í tán! Púpọ̀ nínú ìnṣọ́ránsì ọlọ́jọ́ kan ló kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àwọn ò bo ọkọ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Ẹni tó ń rà á kì í kà á. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì àgbàlá tí ọlọ́pàá ń kó ọkọ̀ sí ti kà á tipẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ilé iṣẹ́ náà léèrè: ṣé ẹ máa ń bo mọ́tò tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá? Èyí tí wọ́n ń tà fún irú ọ̀ràn yìí sábà máa ń jẹ́ ti ọgbọ̀n ọjọ́, ó sì wọ́n. Ti ọdún kan sábà máa ń kọjá. Ẹ má sì mú ọ̀rẹ́ tí ìnṣọ́ránsì tirẹ̀ ní ó lè wa ọkọ̀ ẹlòmíì wá. Wọ́n á dá a padà.

Bí ẹ ṣe ń jiyàn lọ́wọ́, £192 ti wà nílẹ̀, £26 sì ń gorí rẹ̀ lójúmọ́. Ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí wọ́n mú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ méje, ó kéré tán, láti wá gbà á. Tó bá ti pé ọjọ́ 14 tí wọ́n mú un, wọ́n lè tà á tàbí kí wọ́n fọ́ ọ túútúú. Ẹ mú páálí V5C (ìwé tó ní orúkọ ẹni tí wọ́n forúkọ ọkọ̀ sí), laisẹ́ǹsì àti ìwé ìnṣọ́ránsì dání. Ẹni tí kò ní laisẹ́ǹsì, kó mú ẹni tó ní in, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìnṣọ́ránsì mọ́tò náà.

Mo ní ìnṣọ́ránsì lọ́jọ́ náà o, kọ̀ǹpútà wọn ni kò rí i.
Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, kó ní ọjọ́ àti aago tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá rí lẹ́tà yẹn tí wọ́n ṣì ní kí ẹ sanwó, ẹ wá lọ́yà.