Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìmúrasílẹ̀ fún Ìpàdé Pẹ̀lú Olùrànlọ́wọ́

Oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tí ń gbé ní Èkó, ní Àbújá àti ní òkè òkun máa ń wálé, oṣù náà sì ni àwọn ẹgbẹ́ aláàánú máa ń sáré láti ilé olówó kan dé òmíràn, ní Adó, ní Ìkọ̀lé, ní Ìjerò àti ní Ọ̀yẹ́. Bí ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò bá mú owó wá, a máa ń sọ pé ahun ni ẹni tí a lọ bá. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwa gan-an ni a kò múra.

Àṣìṣe tí ó burú jù ni kí a lọ tọrọ owó tuntun láì mọ ibi tí ti àtijọ́ dé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa mẹ́fà há sínú ọkọ̀ kan láti lọ bá bàbá kan tí ó ti fi owó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún abúlé kan nípasẹ̀ ẹgbẹ́ wa. Alága wa ti sọ̀rọ̀ kànga kejì fún bí ogún ìṣẹ́jú kí bàbá tó béèrè jẹ́jẹ́ pé, “Ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Ṣé omi ṣì ń yọ níbẹ̀?” Akọ̀wé wo akápò, akápò wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti ya fọ́tò níbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó tún ẹsẹ̀ yà sí abúlé náà. Wọ́n gbé iyán wá fún wa, a sì jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná yóò rí òmíràn gbà. Ìdọ̀bálẹ̀ nìkan kọ́ ni ọpẹ́ tí olùrànlọ́wọ́ ń retí. Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan dé ibi iṣẹ́ náà, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa omi, kí ó bi àwọn tí ń pọn ọ́n léèrè bí ó ti ń ṣe sí, kí ó sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, títí kan èyí tí kò dùn ún gbọ́.

Èkejì ni gbólóhùn tí a fẹ́ràn púpọ̀ nílẹ̀ wa: “Ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fi sí yín lọ́kàn, sà.” Ìrẹ̀lẹ̀ ni lójú wa, ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbọ́ ọ lè rò pé a kò ṣe ìṣirò kankan. Bí ó bá jẹ́ ìwé ni ẹ fẹ́ rà fún 40 ọmọ, ẹ ti gba iye owó lọ́wọ́ òǹtàwé, kí ẹ fi owó ọkọ̀ kún un, kí ẹ sì mọ èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ti kó jọ.

Ìwé ẹgbẹ́ náà ńkọ́? Òfin CAMA ti ọdún 2020, tí ó de àwọn ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà, ní kí ẹgbẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí CAC, àjọ ìjọba tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni sì lè yẹ orúkọ ẹgbẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ náà láti orí fóònù rẹ̀ kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń lo àkáǹtì alága nítorí pé báǹkì béèrè ìwé ẹ̀rí SCUML (ẹ̀ka ìjọba tí ń dènà fífọ owó àìmọ́ mọ́), tí kò sì lọ gbà á, ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ ná.

Ẹ má ṣe kó èrò lọ. Ènìyàn méjì tó. Ẹ má sì ṣe kó àwòrán ọmọ tí ń sunkún dání, nítorí ọmọ náà ní òbí, ìlú wa sì kéré.

Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ bàbá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èmi àti akápò nìkan ni a lọ. A jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, a sì fi ìwé iye owó tí ẹni tí yóò tún un ṣe kọ lé e lọ́wọ́. Kò fún wa ní owó kànga kejì, ṣùgbọ́n owó àtúnṣe ti wọ àpò ẹgbẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.