Bí ẹ ṣe lè kó ọ̀rẹ́ lọ fi ìwọ̀ pẹja lódò Ọ̀yun nígbà òjò àkọ́rọ̀

Òjò tó bá kọ́kọ́ rọ̀ lóṣù kẹrin kì í ṣe òjò ẹja. Ilẹ̀ tó ti gbẹ láti ìgbà ọyẹ́ ló máa ń mu ún tán. Ẹ dúró de èyí tó máa rọ̀ mọ́jú lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, tí omi Ọ̀yun á sì pupa bíi kòkó tí wọ́n da mílíìkì sí. Ìgbà yẹn ni àrọ̀ máa ń kúrò nínú ibú tó sá pamọ́ sí lọ́gbẹlẹ̀, á máa bọ̀ létí odò níbi tí omi ti bo koríko. Òru ló ń yé níbẹ̀, ẹyin á sì lẹ̀ mọ́ koríko. Àwọn òyìnbó ní ẹja kan tó ń jẹ́ salmon, tó ń ti inú òkun gun odò padà síbi tí wọ́n ti bí i, kó lè yé. Wọ́n máa ń ka ọjọ́ dè é bí ẹni ń retí oṣù Ràmàdáánì. Ní tiwa, àrọ̀ là ń ka ọjọ́ dè, ìrìn rẹ̀ kàn kúrú ni.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ tí omi ń kún. Odò kì í kún bo ẹja lójú, àmọ́ ó ń kún bo apẹja lójú. Lọ́dún tí àwa mẹ́rin kọ́kọ́ lọ, a gbé ìkòkò, ata àti bàtà wa kalẹ̀ sórí iyanrìn, a lọ jókòó níwájú díẹ̀. Òjò ò kán lọ́dọ̀ wa rárá. Òkè lọ́hùn-ún ló ti rọ̀. Ká tó mọ̀, ìkòkò ti ń bá odò lọ. Ẹsẹ̀ lásán la fi rìn dé ìdí ọkọ̀. Látọjọ́ náà, bí mo bá ti dé, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo máa ń kì bọlẹ̀ létí omi. Bí omi bá ń gun igi yẹn, ilé yá. Bó bá ń fà, ẹ jókòó.

Ẹ fi Àsà tó la àárín Ìlọrin kọjá sílẹ̀, ìdọ̀tí ìlú ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀yun tó ń bọ̀ láti apá Ọ̀fà, tó ń lọ pàdé Àsà, ni kí ẹ wá lọ. Ní abúlé tó bá wà nítòsí, ẹ kọ́kọ́ kí alángùá tàbí baálẹ̀. Òun ló mọ ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, ibi tí àwọn apẹja dẹ ìgèrè sí, àti ibi tí odò ti jìn lójijì.

Ẹrù ò pọ̀: ọ̀pá ọparun, okùn ọ̀rá tó yi, òjé kékeré, àti ìwọ̀ bíi mẹ́wàá, torí gbòǹgbò abẹ́ omi á gba tirẹ̀ níbẹ̀. Sílípásì tó ti já, tí ẹ gé tó àtàǹpàkò, ló máa léfòó. Ẹ wọ bàtà òjò, nítorí ejò inú koríko àti kòkòrò tó ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀.

Ekòló ni ìjẹ, ẹ wa á lẹ́yìn balùwẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ifun adìẹ náà dáa. Omi dídọ̀tí ò dí àrọ̀ lọ́wọ́, òórùn ló ń tọ̀, irungbọ̀n rẹ̀ ló sì fi ń tá oúnjẹ rí. Ọ̀rẹ́ wa kan ní ọṣẹ ìfọṣọ ló dára jù. A fi í ṣẹ̀sín títí ó fi fi ọṣẹ fa méjì jáde níṣojú wa.

Ẹ gbéra lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ẹ ju ìwọ̀ síbi tí koríko ti pàdé omi jíjìn, kí òjé gbé ìjẹ dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù nìyí: ẹpìyà máa ń já ìjẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ fà á kíá. Àrọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Sílípásì á mì, á dákẹ́, á tún mì, á wá rì, á sì máa lọ láìdúró. Ìgbà tó bá ń lọ ni kí ẹ tó gbé ọ̀pá sókè.

Ẹ̀gún wà lápá rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yìn orí ni kí ẹ ti mú un, kí ìka yín wà lẹ́yìn ẹ̀gún. Àpò tútù tí a so lẹ́nu ni kí ẹ kó o sí. Ó ń mí afẹ́fẹ́, ó sì lè fi ara wọ́ gba inú koríko sá lọ. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹja kan tí ara yín gbọ̀n bí ẹni di wáyà iná mú, òjìjí ni, ẹ gé okùn.

Abo tí ikùn rẹ̀ wú fún ẹyin, mo máa ń dá a padà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ò fara mọ́ ọn, ẹyin ẹja dùn lọ́bẹ̀. Àdéhùn wa ni pé a ó mú ẹyọ kan, ìyókù á padà sómi. Ẹni tó bá sì mú oògùn apakòkòrò wá láti dà sódò, ẹ má bá a rìn mọ́.

Eérú la fi ń fọ ara rẹ̀ tó ń yọ̀, ká tó fi ata rodo, iyọ̀ àti efinrin sè é. Orí àpáta gíga la ti ń gbé ìkòkò kaná báyìí.