Fítíǹgì wọlé, síbẹ̀ ó ń jò: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan mọ́tò

Àbúrò kan ní Àpáta, n'Ìbàdàn, ń kan mọ́tò kékeré lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀, irú Lotus Seven tó kọ́kọ́ jáde ní 1957: irin tí wọ́n jó pọ̀, ìjókòó méjì, kò sí òrùlé. Ẹ́ńjìnnì Corolla tòkunbọ̀ ló gbé sí i, bíréèkì ẹ̀yìn sì jẹ́ ti Golf. Iṣẹ́ wẹ́dà ti parí. Omi, epo àti ọ́ìlì ló kù, ibẹ̀ ló sì ti há, ló bá ń bi mí.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ra géèjì ọ́ìlì tó wá láti Amẹ́ríkà. Mo yọ sẹ́ńsọ̀ Toyota, mo fi tirẹ̀ rọ́pò. Ó yí bíi ẹ̀ẹ̀mejì àbọ̀, ó le. Mo wé tépù mọ́ ọn, mo tún un fún, ó ṣì ń kán. Ẹni tó tà á fún mi ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò, ní 1/8 ínṣì ni àwọn méjèèjì.

Ìdáhùn: Kò purọ́ fún ọ. 1/8 ni méjèèjì lóòótọ́, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ti Toyota jẹ́ BSP, ọ̀nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì: eyín 28 nínú ínṣì kan, igun eyín rẹ̀ 55°. Ti géèjì rẹ jẹ́ NPT, ti Amẹ́ríkà: eyín 27, igun 60°. Eyín kan péré ló wà láàárín wọn, ìdí nìyẹn tó fi gbà á wọlé díẹ̀ kí wọ́n tó há mọ́ra. Há ni wọ́n há, wọn ò mú ara wọn. Tépù kò lè tún ìyẹn ṣe. Bí o bá sì tún fi sípánà fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, ihò ara ẹ́ńjìnnì lo máa fà ya, o sì mọ iye tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ́ lóde òní.

Fi rúlà wọn sẹ́ńsọ̀ náà wò. Fífẹ̀ rẹ̀ á sún mọ́ mílímítà 10. 1/8 kì í ṣe ìwọ̀n ohun tí ojú rẹ ń rí, orúkọ páìpù ayé àtijọ́ ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dà rú, torí pé nọ́ọ̀tì páìpù bíréèkì Toyota náà jẹ́ mílímítà 10, wọ́n ń kọ ọ́ ní M10x1.0: fífẹ̀ rẹ̀ mílímítà 10, mílímítà 1 láti eyín kan sí èkejì. Ti ọ̀pọ̀ mọ́tò Amẹ́ríkà àtijọ́ jẹ́ 3/8 ínṣì oní-eyín 24, ìyẹn mílímítà 9.5. Mẹ́rin nìyẹn nínú agolo kan lórí tábìlì ẹni tó ń tà á: Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá, gbogbo wọn wọ aṣọ kan náà.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo mú ti àtijọ́ dání. Mo gbé tuntun lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, eyín wọnú eyín, mo wá gbé méjèèjì kọjú sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ níbikíbi láàárín wọn, láti ìdí dé orí, wọn kì í ṣe ẹyọ kan náà. Ọwọ́ nìkan ni kí o sì fi yí i wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún sípánà lẹ́yìn ìyípo méjì, dá a dúró.

Ohun tí wàá rà ni fítíǹgì idẹ kékeré tó jẹ́ BSP akọ lápá kan, NPT abo lápá kejì. Àwọn tó ń ta géèjì máa ń ní in. Bí o ò bá rí i, gbé e lọ bá ẹni tó ń fi ẹ̀rọ léètì gé irin, kí ó gé e fún ọ.

Ìbéèrè: Họ́ọ̀sì rédíétọ̀ ńkọ́? Mo ra èyí tó gùn gbọọrọ, mo tẹ̀ ẹ́, ó pa pọ̀ níbi tó ti ṣẹ́. Púlọ́ńbà wa ní kí n fi ẹ́líbò PVC so ó.

Ìdáhùn: Bá mi kí púlọ́ńbà, kó máa ṣe ilé lọ. Páìpù PVC tí wọ́n ń lò nínú ilé kì í fẹ́ ohun tó gbóná ju nǹkan bíi 60°C lọ, omi inú ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná dáadáa sì ń tó 90°C. Ó máa rọ̀ bí ẹ̀bà, họ́ọ̀sì á yọ kúrò lára rẹ̀, ojú títì Challenge ni wàá sì wà nígbà yẹn.

Wá wáyà tí a fi ń kọ́ aṣọ. Tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe fẹ́ kí họ́ọ̀sì gbà, láti ẹnu rédíétọ̀ dé ẹnu ẹ́ńjìnnì, kí o wọn fífẹ̀ ẹnu méjèèjì sínú ìwé. Mú wáyà náà lọ sí Gate. Má dárúkọ mọ́tò o. Bí o bá dárúkọ mọ́tò, wọ́n á bi ọ́ ní ọdún tó jáde, tìrẹ ò sì tíì jáde. Ní kí wọ́n jẹ́ kí o wo àwọn tí wọ́n fi kọ́ sókè, kí o máa gbé wáyà rẹ lé wọn. Họ́ọ̀sì tó gùn ju ohun tí o ń wá lọ kò burú, ibi tó tẹ̀ nìkan lo máa gé lò. Bí o bá ní láti so méjì pọ̀, páìpù irin ni kí o fi so wọ́n, kí wẹ́dà jó òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹnu rẹ̀ kí họ́ọ̀sì má baà yọ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni kí o ṣọ́ jù, torí pọ́ǹpù omi ń fà á mu. Èyí tó bá rọ̀ máa lẹ̀ mọ́ra nígbà tí o bá tẹ iná.

Ìbéèrè: Òórùn epo ń bo gbogbo ọgbà. Họ́ọ̀sì aláwọ̀ omi ni mo fi so pọ́ǹpù, ó ti le, ó sì ti pọ́n.

Ìdáhùn: Yọ ọ́ lónìí. Má dúró de ọ̀la. Ẹ́ńjìnnì oní-injector ń gbé epo ní nǹkan bíi bar 3 (bar ni a fi ń wọn agbára inú páìpù). Ti kàbúrétọ̀ kò tó bar 0.5, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan máa rò pé họ́ọ̀sì èyíkéyìí tó. Wo ara èyí tí o fẹ́ rà: SAE J30R9, àmì họ́ọ̀sì ti injector, ló yẹ kó wà níbẹ̀. J30R7 wà fún kàbúrétọ̀. Èyí tí kò ní nǹkan kan lára, fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Họ́ọ̀sì omi rédíétọ̀ náà kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ epo, rọ́bà rẹ̀ máa wú. Kílíìpù tó ní ihò wẹ́wẹ́ lára máa ń gé rọ́bà. Wá èyí tí inú rẹ̀ dán.

Ìbéèrè: Bíréèkì ẹ̀yìn ń sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀tì Toyota sì wọ kálípà Golf (ohun tó ń fún páàdì bíréèkì mọ́ dísìkì) láìsí wàhálà. M10x1.0 ni méjèèjì, mo ti wò ó sí oòrùn bí ẹ ṣe wí. Páìpù bàbà fírísà ni mo lò.

Ìdáhùn: Eyín ò ní ẹ̀bi níbí, ẹnu páìpù ni. Ti Toyota fẹ̀ bí ẹnu fèrè, wọ́n sì tẹ etí rẹ̀ padà sínú. Ti Golf wú bí orí olú. Èmi náà ti fi ọ̀kan sí ojú èkejì rí, mo fún un títí ó fi dáwọ́ jíjò dúró, ọjọ́ kẹta ni ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ dé ilẹ̀ mọ́tò. Mo dúpẹ́ pé inú ọgbà ni. Páìpù kan náà lè ní ẹnu fèrè lápá Toyota, kó ní orí olú lápá Golf. Ẹni tó ń tẹ páìpù bíréèkì ní kí o bá, kì í ṣe oní-fírísà, torí irinṣẹ́ tiwọn kì í tẹ etí padà. Bàbà lásán náà kò dára: gbígbọ̀n mọ́tò máa ń sọ ọ́ di líle, á sì sán. Nígbà tí o bá tẹ bíréèkì gidigidi, agbára inú páìpù yẹn lè ju bar 70 lọ.

Má tíì gbé mọ́tò náà rìn. Sátidé mo wà nílé. Tú kálípà Golf náà, gbé e wá pẹ̀lú páìpù Toyota, kí o sì mú wáyà aṣọ rẹ dání. A ó jọ gba Gate kọjá.