Ìbuwọ́lù Tó Dá Mi Dúró Kí N Tó Di Adíyelé Ilé

Owó tí mo ná àti àkókò tí mo lò kí wọ́n tó forúkọ mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí adíyelé ilé ju èyí tí ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún mi lọ, ìbuwọ́lù ọkùnrin kan ṣoṣo ló sì fà á. Inú mi kò tíì rọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn ilé, kí n díye lé e, kí n sì tò ó sínú ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń gba owó-orí ilé, èyí tí àwọn onílé mọ̀ sí tenement rate. Iṣẹ́ náà ti wù mí láti ìgbà tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Ìwé òfin àgbà Nàìjíríà (constitution) ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi dídíye lé ilé aládàáni nítorí owó-orí sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ní kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ máa pinnu iye tí wọn yóò gbà. Àmọ́ òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi iṣẹ́ adíyelé jẹun àfi ẹni tí ESVARBON, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń forúkọ àwọn adíyelé sílẹ̀, tí òfin ọdún 1975 dá sílẹ̀, bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn. Ẹgbẹ́ àwa adíyelé ní Nàìjíríà, NIESV, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1969, ló kọ́kọ́ ń yẹ ènìyàn wò. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá gbà wọlé ni ìgbìmọ̀ yóò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò sì lè máa fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ lu ìwé. Ó máa ń bí mi nínú nígbà tí wọ́n bá pe ẹni tó la gbogbo èyí kọjá ní ajẹ́ńtì, bí ẹni tó kàn ń mú ayálégbé lọ wo yàrá.

Fọ́ọ̀mù gbígbà, ìwé-ẹ̀rí kíkó jọ, owó sísan ní báńkì àti ìdánwò kíkọ, ẹni tó bá ti jáde ilé-ìwé gíga ní Nàìjíríà mọ gbogbo rẹ̀, n kò ní fi í dí yín lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ọdún méjì tí ẹni tó ti gboyè gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé ìgbìmọ̀, pẹ̀lú logbook tí yóò máa kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí: ilé tí ó wọ̀n, ọ̀nà tí ó gbà díye lé e, ọjọ́ tí iṣẹ́ náà wáyé, àti ìbuwọ́lù ọ̀gá tó ń tọ́ ọ sọ́nà.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn ni mo ti ṣe tèmi. N kò ní dárúkọ rẹ̀. N kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi gba iṣẹ́ láti tún ìwé owó-orí ilé ṣe fún ìjọba ìbílẹ̀ kan, èmi ni mo sì ṣáájú àwọn tó ń gbé téèpù láti ojúlé dé ojúlé. Ohun tí mo kọ́ nínú oòrùn yẹn ju ohun tí mo kọ́ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ní Òkè Àrẹ̀mọ, a bá agboolé tí bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ jọ ń gbé, tí ẹnikẹ́ni kò san owó ilé fún ẹnikẹ́ni. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí owó ilé tí a lè fi ṣe òdiwọ̀n, a ní láti ṣírò iye tí ènìyàn yóò ná láti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, kí a sì yọ ohun tí ọjọ́ orí àti ìbàjẹ́ ti jẹ nínú rẹ̀ kúrò. Ní Bódìjà, níbi tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti kọ́ ẹsítéètì ṣáájú òmìnira, ìṣòro mìíràn ni a bá pàdé: owó ilé wà láti béèrè, ṣùgbọ́n ayálégbé yóò ro gbogbo ohun tó san lọ́dún àkọ́kọ́ pọ̀, àgírímẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀n àti káṣọ̀n, yóò sì pe gbogbo rẹ̀ ní owó ilé. Bí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kò bá tú u palẹ̀, ẹrù tí kì í ṣe ti onílé ni yóò dì lé e lórí. Àwọn onílé kan sì ti sọ gáréèjì di ṣọ́ọ̀bù, tí a fi ní láti ya ibi tí wọ́n ń gbé sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tí wọ́n ti ń tajà, nítorí iye tí wọ́n ń díye lé méjèèjì kì í dọ́gba. Ìwé tí a kó jáde péye, n kò sì bẹ̀rù láti sọ bẹ́ẹ̀ níbikíbi.

Nígbà tí ọdún méjì pé, mo kó logbook mi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́, wọ́n sì dá a padà. Ìbuwọ́lù tó wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti máníjà wa ní Ìbàdàn, ẹni tí mo ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, tó fi sùúrù kọ́ mi níṣẹ́, ṣùgbọ́n tí orúkọ òun fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìgbìmọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni ọ̀gá àgbà tó ni ilé-iṣẹ́ náà, Èkó ni wọ́n sì ń gbé, tí wọ́n kàn máa ń yọjú sí wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà mí síṣẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé nítorí ìforúkọsílẹ̀ ni mo ṣe ń gba owó oṣù táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń san. N kò bá òfin náà jà. Ó tọ́ kí ó jẹ́ ẹni tí wọ́n lè bá wí, tí wọ́n sì lè gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ni yóò jẹ́rìí sí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ fi mí sí abẹ́ ẹni tí ìbuwọ́lù rẹ̀ kò ní wúlò fún mi ni mo bá jà.

Mo lọ bá ọ̀gá ní Èkó. Mo jókòó sí ibi ìgbàlejò láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí kí wọ́n tó ní kí n wọlé. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn òbí mi, wọ́n ṣí ìwé náà, wọ́n sì pa á dé.

"Ọmọ mi, n kò lè buwọ́ lu iṣẹ́ tí n kò fojú rí."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin lẹ buwọ́ lu ìwé tí a kó fún ìjọba ìbílẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni, sà."

Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n ní kí n lọ rí akáǹtáǹtì. Akáǹtáǹtì gbé ìwé kan síwájú mi, èyí tó sọ pé ilé-iṣẹ́ náà kò jẹ mí ní kọ́bọ̀, ó ní bí mo bá lè buwọ́ lu ìyẹn, ọ̀gá yóò wo ọ̀rọ̀ logbook mi. Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ṣèlérí ìpín kan nínú owó iṣẹ́ náà fún àwa tó ń wọn ilé. Ìjọba ìbílẹ̀ ti san, owó kò sì dé ọwọ́ wa. Mo ka ìwé náà tán, mo dá a padà sórí tábìlì. Ìbuwọ́lù tó jẹ́ ẹ̀tọ́ mi ni wọ́n fẹ́ tà fún mi, owó tó jẹ́ tèmi ni wọ́n sì fẹ́ kí n fi rà á.

Kíkọ̀ tí mo kọ̀ ná mi lówó gidi. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó máa ń tẹ̀ lé logbook, èyí tí mo ti ń múra sílẹ̀ fún, kọjá lọ láìsí mi, mo ní láti dúró de èyí tó tẹ̀ lé e, mo sì tún san owó mìíràn. Àwọn tí a jọ jáde ní Ifẹ̀ ti ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé, èmi sì ń tẹ fóònù tí ẹnikẹ́ni kì í gbé. Láàárín àkókò yẹn ni Bọ̀ọ̀dá, tí ọ̀rọ̀ náà dùn ju bí ó ṣe lè sọ lọ, bá mi ṣe ẹ̀dà àwọn fọ́ọ̀mù tí a fi wọn ilé. Lórí fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni a ti ya àwòrán ilé, tí a kọ ìwọ̀n yàrá, ọjọ́, àti orúkọ mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wọ̀n ọ́n. Nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni ọ̀gá ti fi ọwọ́ ara wọn kọ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti fojú rí iṣẹ́ náà. Wọ́n tilẹ̀ tún ìṣirò mi ṣe lórí méjì nínú wọn.

Mo kó ẹ̀dà náà lọ bá ìyá àgbà kan nínú iṣẹ́ wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ adíyelé ìjọba, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Màmá yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì pe ọ̀gá lójú mi. N kò gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí Màmá ní, "Ọwọ́ yín nìyí lórí ìwé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa lọ." Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n buwọ́ lu gbogbo ewé tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀ láti buwọ́ lu ìyókù, ìyẹn ti àbójútó ilé àti ti gbígba owó ilé, nítorí náà ni mo ṣe lọ lo oṣù tó kù lábẹ́ adíyelé mìíràn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tó ń buwọ́ lu ewé mi ní òpin oṣù láìjẹ́ pé mo rán wọn létí.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà kò le tó ohun tí mo ti là kọjá. Wọ́n bi mí ìdí tí ìjọba ìpínlẹ̀ kò fi lè dá gbé iṣẹ́ owó-orí ilé jáde, mo sì sọ̀rọ̀ nípa ẹjọ́ Kánò tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní ọdún 1998, níbi tí wọ́n ti sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé Land Use Charge ti Èkó. Mo sọ fún wọn pé òfin ọdún 2001 ló pa owó ilẹ̀ ìjọba, owó-orí ilé àti owó ìmúgbòòrò àdúgbò pọ̀ di ọ̀kan. Pé wọ́n ń fi ìwọ̀n ilẹ̀ sọdipúpọ̀ iye mítà onígun mẹ́rin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ilé náà pẹ̀lú bí ó ṣe gbó sí, wọ́n ń ro méjèèjì pọ̀, kí wọ́n tó fi ìdá tí òfin yàn sọ ọ́ di owó. Mo fi kún un pé ọdún 2018 ni wọ́n gbé ìdá náà sókè tí ariwo fi sọ, àti pé òfin ọdún 2020 dá ti ilé tí onílé ń gbé padà láti 0.076 sí 0.0394 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà ìdíyelé ti 2018 sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ọ̀kan nínú wọn wá béèrè bí mo ṣe lè díye lé agboolé tí kò ní ayálégbé. Òkè Àrẹ̀mọ ni mo fi dá a lóhùn, mo sì rí i pé wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí, kí ó tó gba iṣẹ́ àkọ́ṣẹ́ níbikíbi, kí ó béèrè orúkọ ẹni tí yóò máa buwọ́ lu logbook rẹ̀, kí ó sì wá orúkọ náà nínú ìwé ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀. Orúkọ tó wà lókè lẹ́tà ilé-iṣẹ́ kò tó ẹ̀rí. Kí ó máa gba ìbuwọ́lù ní oṣooṣù, ìbáà jẹ́ pé yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó nítorí rẹ̀, torí owó ọkọ̀ yẹn kéré sí ohun tí mo padà san. Kí ó máa ṣe ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, àgàgà èyí tí ọ̀gá bá ti fi ọwọ́ kàn. Bí wọ́n bá sì ṣèlérí ìpín nínú owó iṣẹ́, kí ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó gbé téèpù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá yóò rí èyí bí àìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ó bá yẹ, kí ẹ sì gba ìwé náà.

Ní ti ìpín wa nínú owó iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwa tí a jọ wọn ilé ti pawọ́ pọ̀ gba lọ́yà, lẹ́tà sì ti dé ọ́fíìsì wọn ní Èkó. Wọ́n ti dáhùn pé àwọn yóò san án ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ ti wọlé, a ń retí èkejì.