Bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìpínyà ìjọba Ísírẹ́lì

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Yábàá àti Èbúté Mẹ́ta, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí Rèhóbóámù, ọmọ Sólómọ́nì, tí ìjọba pín mọ́ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ka 2 Sámúẹ́lì 5:5: ọdún 7 àti oṣù 6 ni Dáfídì fi jọba lórí Júdà nìkan ní Hébúrónì, kó tó fi ọdún 33 jọba lórí gbogbo Ísírẹ́lì àti Júdà ní Jerúsálẹ́mù. Okùn tó so wọ́n pọ̀ kò yi rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú àǹkárá tó ti gbó (tuntun kì í tètè ya), ẹ fà á ya sí ọ̀nà 12, ọ̀kan fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, lójú àwọn ọmọ, bí wòlíì Áhíjà ti ya aṣọ rẹ̀, kí ẹ fún ọmọ tó ń ṣe Jèróbóámù, ẹni tó di ọba ẹ̀yà mẹ́wàá, ní 10. Ibí ni kíláàsì ti máa ń dàrú: 2 ló kù, ẹ̀yà kan ni Bíbélì sì dárúkọ fún ilé Dáfídì! Ẹ yára ṣí 1 Àwọn Ọba 12:21, níbi tí Bẹ́ńjámínì ti wà pẹ̀lú Júdà.

Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ìgbéraga Rèhóbóámù. Àjàgà tí Sólómọ́nì gbé kọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lọ́rùn ni wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ ní Ṣékémù pé kó mú fúyẹ́. Ẹni tí wọ́n sì sọ lókùúta pa ni Adórámù, alábòójútó iṣẹ́ àfipáṣe.