Ẹ wo ẹ̀yìn ẹja kí ẹ tó ná an

"Ìyá ẹlẹ́ja, èló ni àrọ̀ yẹn?" Ohunkóhun tó bá ti ní irùngbọ̀n, tí kò sì ní ìpẹ́, àrọ̀ ni lójú àwọn oníbàárà mi. Bẹ́ẹ̀ irú mẹ́ta lè wà nínú bàsíà kan ṣoṣo, owó wọn kò dọ́gba, ọbẹ̀ wọn kò sì dọ́gba. Ìbàdàn ni mo ti ń tà. Tààyè ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olóko ẹja, ti inú ọ̀sà ń wá láti Ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́. Bí mo ṣe ń dá wọn mọ̀ nìyí, àti bí mo ṣe ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó dórí iná.

Orí wọn jọra, ẹ fi orí sílẹ̀, ẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Àrọ̀ gan-an, lẹbẹ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ nítòsí orí, ó sì nà gbọọrọ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìrù, kò já níbì kankan. Èyí tí àwọn olóko ń pè ní Hẹ́tẹ́rò, lẹbẹ tirẹ̀ kì í rìn jìnnà kó tó tán. Níbi tó tán sí, ẹran pẹlẹbẹ kan ló gba ibẹ̀ lọ dé ìdí ìrù. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò: ó rọ̀ múlọ́múlọ́. Ẹja yìí máa ń tóbi gan-an, ó lè gùn ju mítà kan lọ nínú odò.

Ẹ̀kẹta ni àmúlùmálà àwọn méjèèjì. Wọ́n á fún ẹyin lára abo àrọ̀, wọ́n á la inú akọ Hẹ́tẹ́rò láti mú àtọ̀ rẹ̀, wọ́n á pò ó pọ̀ nínú abọ́. (Akọ kì í sábà yè é, ẹ̀yin tí ẹ ń bú owó ọmọ ẹja, ẹ jẹ́ kó yé yín.) Ẹran pẹlẹbẹ yẹn wà lẹ́yìn àmúlùmálà náà, ṣùgbọ́n ó kéré. Ó ń yára dàgbà, ẹran ara rẹ̀ pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn alásè fi fẹ́ràn rẹ̀ fún òde. Tèmi ni pé kò ní ìdùn àrọ̀. Bó bá jẹ́ pẹpẹ súùpù lẹ fẹ́ sè nílé, àrọ̀ tí kò ju kílò kan lọ ni mo máa kì sọ́wọ́ yín. Èyí tó bá ti tó kílò méjì sókè, ẹ jẹ́ ká yan án.

Bí ẹ bá rà á láàyè, ẹ má bu omi kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu kí ẹ wá dé e pa. Inú omi ni àrọ̀ ń gbé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa yọjú wá gba afẹ́fẹ́ lókè. Bí kò bá rí àyè yọ ẹnu, yóò kú sínú omi náà. Omi díẹ̀ tó bò ó lẹ́yìn ti tó, kí ìdérí sì lu ihò, kí ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e, nítorí fífò ni tirẹ̀. Ẹ fi sínú omi mímọ́ fún ọjọ́ kan, ẹ má fún un lóúnjẹ. Ìyẹn ló ń mú òórùn ẹrẹ̀ kúrò lára ẹja inú adágún.

Ọ̀bọ̀kún yàtọ̀ pátápátá. Ara rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, ìrù rẹ̀ pín sí méjì, inú ọ̀sà àti odò ló ń gbé. Kò lè mí lókè omi, nítorí náà ẹ má retí láti bá a láàyè lórí àtẹ. Ẹ ṣí ìbòrí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò: bí inú ibẹ̀ bá pupa dáadáa, tí ojú rẹ̀ yọ síta tó sì mọ́, tí ẹ fi ìka tẹ ara rẹ̀ tó sì padà bọ̀ sípò, ẹ san owó rẹ̀. Bó bá ti rí bí ẹ̀jẹ̀ tó ti dúdú, ẹ máa lọ. Ó wọ́n, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹja tí omi ọbẹ̀ rẹ̀ dùn tó o. Ẹ̀gún mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ gé: ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan ní ìhà ọ̀tún, ọ̀kan ní ìhà òsì. Ẹ̀gún náà ní eyín wẹ́wẹ́. Bó bá gún yín, ẹ ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, ìrora náà á rọlẹ̀.

Èyí tí orí rẹ̀ le gbandi, tí àwọn tó ń kó gbígbẹ wá láti òkè Ọya ń pè ní kurungu, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ló yẹ. Eegun rẹ̀ pọ̀ ju ẹran lọ.

Òjìjí, ẹ má fọwọ́ kàn án láàyè. Kò ní lẹbẹ gígùn lẹ́yìn rárá, kékeré kan ló wà nítòsí ìrù, ètè rẹ̀ nípọn, ojú rẹ̀ kéré, àmì dúdúdúdú sì wà lára rẹ̀. Iná tó ń gbé jáde lè tó fóltì 350. Bó bá ti kú pàápàá, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó gbá a mú.

Ó wá ku fífọ̀ àrọ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bá mi jà. Àwọn kan máa ń da iyọ̀ lé e láàyè, yóò sì máa fò káàkiri ilé ìdáná. Ọmọ odó kan lórí ti parí ọ̀ràn. Lẹ́yìn náà, ẹ bu eérú tútù, ẹ fi pa á láti orí dé ìrù. Ẹ óò rí i tí omi yíyọ̀ ara rẹ̀ á di eérú, á dì, á sì máa bó sọ́wọ́ yín. Ẹ ṣàn án, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún. Ẹ má lo omi tó ń hó, awọ rẹ̀ á bó, ẹja náà á sì tú sínú ìkòkò. Ẹ la inú rẹ̀ láìki ọbẹ jìnnà, kí òróòro má bàa bẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, lókè, ẹ óò rí ohun pupa kan tó yọ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bí igi. Ohun tó fi ń mí afẹ́fẹ́ nìyẹn, ẹ fà á yọ, ẹ̀jẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Bó bá ti wà lórí iná pẹ̀lú ata rodo àti ẹfinrin, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́, ìkòkò ni kí ẹ máa gbọ̀n.

Fún yíyan, a máa ń ká a, a ó fi igi tín-ín-rín so ìrù mọ́ ẹnu. Tútù la sì ti ń ká ẹja, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe wí, torí bí iná bá ti kàn án, ẹ̀yìn rẹ̀ á kán. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi sọmọ lórúkọ, ẹ tètè sọ fún ẹlẹ́ja yín, kó lè yan òdidi fún yín. Orí àti ìrù gbọ́dọ̀ pé, nítorí orí ni ẹja fi ń la ibú já, ìyẹn la sì ń wúre fún ọmọ. Bí ẹ bá gbé ẹja yíyan délé, ẹ má dì í sínú ọ̀rá. Inú apẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kó o sí, ẹ máa sá a sóòrùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹ bá sì rí ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ ní ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, ẹ dá a padà sórí iná lọ́jọ́ náà gan-an.